Akọ àbí Abo? Ọrọ̀ Ilé àti Ọmọ Bíbí ní Agbègbè Èjìgbò

Ní ayé àtijọ́, ọjọ́ tí a bá dá fún ìsọmọlórúkọ ti tó láti sọ ohun tí a bí fún gbogbo àdúgbò. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé níbẹ̀ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Ẹni tí ó bá mọ ọjọ́ tí aboyún bí, tí ó sì gbọ́ ọjọ́ tí wọn yóò kó ọmọ jáde, kò ní láti bèèrè nǹkan kan mọ́. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ti di ti tọkùnrin tobìnrin, ìbéèrè sì ti rọ́pò ìka kíkà: 'Akọ ni àbí abo?' Bí wọ́n bá ti dáhùn tán, ìbéèrè kejì a máa tẹ̀ lé e, bí kò tilẹ̀ jáde lẹ́nu: irú ilé wo ni wọ́n bí i sí?

Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Mo ti gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́nu àwọn àgbà ní Èjìgbò àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, láti Másífà títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, pé ọmọkùnrin a máa pọ̀ nílé olówó, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ń jẹun yó a máa lágbára. Mo sì ti gbọ́ òdì kejì rẹ̀ pẹ̀lú, pé ilé olówó gan-an ni obìnrin ń pọ̀ sí, nítorí pé Ọlọ́run kì í fún ènìyàn lówó tán kí ó tún fún un ní àrólé. Àwọn méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀. Ohun tí wọ́n jọ fi ẹnu kò lé lórí ni pé owó baba àti ipò ìdílé ní ọwọ́ nínú ohun tí ó wà nínú oyún. Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, nítorí pé obìnrin ni ó máa ń san gbèsè rẹ̀.

Bí ìlú kan bá wà tí ó yẹ kí ó ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀, Èjìgbò ni, nítorí òrìṣà tí wọ́n ń bọ níbẹ̀. Ìtàn ìlú náà sọ pé Akínjọlé tí ó ti Ifẹ̀ wá ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ògìyán sì ni oyè ọba ibẹ̀ títí di òní. Òrìṣà Ògìyán, ẹni tí a mọ̀ mọ iyán jíjẹ, wà lára àwọn òrìṣà funfun, ìdílé Òrìṣàńlá tí a gbà pé òun ni ó ń mọ ara ènìyàn nínú ikùn ìyá rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń wúre fún aboyún pé, 'Kí Òrìṣà ya ọnà ire kò wá o.' Ẹ kíyè sí ìwúre náà. Ọnà ire ni ó tọrọ. Kò dárúkọ akọ, kò sì dárúkọ abo. Ẹ tún kíyè sí i pé òrìṣà tí ń ya ọnà yìí kọ́ ni a ka owó sí lọ́wọ́. Ti Ajé Ṣàlúgà ni owó. Lójú àwọn baba wa, ẹni tí ń mọ ọmọ àti ẹni tí ń pín ọrọ̀ kì í ṣe ẹnì kan náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí ìwé ìsàmì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ́kọ́ rí ohun tí a lè kà. Ní 1662, oníṣòwò aṣọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, John Graunt, ṣe ìṣirò àwọn ọmọ tí a sàmì fún ní ìlú náà, ó sì rí i pé bí a bá bí ọmọbìnrin 13, ọmọkùnrin 14 ni a ń bí. Ní 1710, John Arbuthnot, dókítà Ọbabìnrin Anne, tẹ̀ síwájú: ó kó àkọsílẹ̀ ọdún 82 jọ, bẹ̀rẹ̀ láti 1629, kò sì sí ọdún kan ṣoṣo nínú wọn tí ọmọbìnrin pọ̀ ju ọmọkùnrin lọ. Ó ní iṣẹ́ Elédùmarè ni, nítorí pé ewu tí ń pa ọkùnrin lóde pọ̀, ó sì yẹ kí a ti fi ènì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà títí di òní, iye tí a ń rí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé ni ọmọkùnrin bíi 105 sí ọmọbìnrin 100. Ti àwa aláwọ̀ dúdú kéré díẹ̀ sí i. Michel Garenne, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí ó gbé àyẹ̀wò rẹ̀ jáde ní 2002, rí i pé ní Áfíríkà gúúsù Sàhárà lápapọ̀, ó sún mọ́ 103. Irú iye bẹ́ẹ̀ náà ni a ń rí láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Nàìjíríà àti Ethiopia wà lára àwọn tí tiwọn ga ju ti àwọn ará yòókù lọ. Ìyàtọ̀ láàrin odindi ìran kan sí èkejì nìyẹn, kò sì ju ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Ó tó àkókò láti bèèrè nípa owó. Ní 1973, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Robert Trivers àti Dan Willard, gbé àbá kan jáde tí ó jọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà Èjìgbò lọ́nà tí ó lè pani lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá tí ara rẹ̀ le, tí ó rí jẹ, ni ó yẹ kí ó máa bí akọ, kí ìyá tí ara rẹ̀ kò le sì máa bí abo. Ìdí wọn ni pé akọ alágbára a máa gun abo púpọ̀, ọmọ rẹ̀ a sì pọ̀ lọ bẹẹrẹ, nígbà tí akọ aláìlera lè má ní ọmọ kan ṣoṣo. Abo ní tirẹ̀, bó sanra bó tínrín, yóò rí akọ tí yóò gùn ún. Àwọn tí ó ń ṣọ́ àgbọ̀nrín ní erékùsù Rum ní Scotland rí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn ẹranko náà. Ẹni tí ó bá mọ ilé olóbìnrin púpọ̀ ní ilẹ̀ wa yóò rí ìdí tí àbá yìí fi wọni létí.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe àgbọ̀nrín. Nígbà tí Douglas Almond àti Lena Edlund yẹ ìbí mílíọ̀nù 48 wò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2007, wọ́n rí i pé àwọn ìyá tí ó kàwé púpọ̀, tí ó wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ, bí ọmọkùnrin ju àwọn yòókù lọ lóòótọ́. Ìyàtọ̀ náà kò sì tó ọmọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Rwanda, Thomas Pollet àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìkànìyàn 2002, wọ́n sì rí i pé àwọn ìyàwó kékeré, láti orí ẹnì kẹta lọ sísàlẹ̀, ní ọmọbìnrin díẹ̀ ju àwọn ìyáálé lọ. Àwọn olùwádìí mìíràn sì wà tí wọn kò rí nǹkan kan rárá. Bí owó bá tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nínú ikùn, ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a ní láti kó mílíọ̀nù ìyá jọ kí etí tó lè gbọ́ ọ.

Mílíọ̀nù ìyá kò sí ní Èjìgbò. Ta tilẹ̀ ni olówó níbẹ̀? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, pàápàá ní Treichville ní ìlú Abidjan. Lẹ́yìn tí ìjọba Gáńà lé àwọn àlejò jáde ní 1969, ọ̀nà Abidjan ni ó kù tí ó gbòòrò jù. Èdè Faransé di èdè tí a ń gbọ́ nínú ọjà Èjìgbò. Ilé alájà tí a fi owó Abidjan kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ti àgbàlá àwọn ìjòyè. Báyìí ni ẹgbẹ́ olówó tuntun ṣe dìde, tí oyè kò bí, tí ilẹ̀ oko kò sì bí: ọjà ni ó bí wọn, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Oníṣòwò tí ó bá ní ìyàwó kan nílé àti ìkejì ní Treichville ń bímọ sí inú ìwé orílẹ̀-èdè méjì. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a kò kà ní Èjìgbò nígbà ìbí wọn ni wọ́n padà wá ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye akọ àti abo tí olówó Èjìgbò bí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé méjèèjì.

Ká ní ó rí wọn gbà, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò tí yóò ṣe. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 132,641 ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò. Bí a bá fi í sí i pé ọmọ 35 ni a ń bí láàrin ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ́dún, ọmọ bíi 4,600 ni yóò jẹ́. Kí á mú ìdá kan nínú mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ilé olówó: ọmọ 460. Bí ó bá jẹ́ 105 sí 100 ni, ọmọkùnrin bíi 236 ni a ń retí nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ta owó ẹyọ ní ìgbà 460, kò ní bọ́ sí ojú kan náà ní iye tí a ń retí gẹ́lẹ́. Láìsí ọwọ́ owó, láìsí ọwọ́ àjẹ́, iye ọmọkùnrin náà lè bọ́ sí 215 ní ọdún kan kí ó sì fò sí 257 ní ọdún mìíràn. Ọdún àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn yóò ní obìnrin ni olówó ń bí. Ọdún kejì, wọn yóò ní ọkùnrin ni. Mo rò pé ibí yìí gan-an ni ìgbàgbọ́ méjèèjì tí mo sọ lókè ti wá, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀rí tirẹ̀.

Bí ó bá rí báyìí fún odindi agbègbè, kí ni a ó sọ fún ilé kan ṣoṣo? Nínú ẹgbẹ̀rún obìnrin tí ó bí ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, bíi 57 yóò bí obìnrin nìkan, bíi 69 yóò sì bí ọkùnrin nìkan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn 57 wọ̀nyí ni wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ adáhunṣe lọ sí orí òkè àdúrà, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ ààfáà. Bí wọ́n bá tún lóyún, ó ju ìdajì wọn lọ tí yóò bí ọkùnrin, ẹni tí ó gba owó wọn yóò sì gba ọpẹ́. N kò mọ òwò mìíràn tí èrè rẹ̀ dájú tó báyìí.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí owó fi ń wọ inú ọ̀rọ̀ yìí nílé wa láti ìgbà pípẹ́ ni pé ó ń jẹ́ kí ènìyàn lè máa gbìyànjú lọ. Tálákà tí ó bí obìnrin mẹ́ta lè dúró nítorí oúnjẹ. Olówó yóò ní kí wọ́n tún bí i, tàbí kí ó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èyí yóò mú kí ọmọkùnrin pọ̀ nílùú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún ìyá tí olúkúlùkù yóò dúró ní kété tí ó bá bí ọkùnrin, tí kò sì ní kọjá ọmọ mẹ́ta. Ní ìbí àkọ́kọ́, 512 bí ọkùnrin, wọ́n dúró. 488 bí obìnrin. Àwọn 488 yìí tún bí: ọkùnrin 250, obìnrin 238. Àwọn 238 bí ẹ̀kẹta: ọkùnrin 122, obìnrin 116. Ẹ ro ó pọ̀: ọkùnrin 884, obìnrin 842, èyí tí í ṣe 105 sí 100 gẹ́lẹ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni ìrísí ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin inú ìṣirò yìí dá nìkan wà lọ́dọ̀ ìyá wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọbìnrin kan tí kò ní arábìnrin tàbí àbúrò, àfi èyí tí ikú bá mú. Oúnjẹ ilé àti owó ilé-ìwé tí wọ́n ń pín, ọmọbìnrin ni ó máa ń bá èrò púpọ̀ nídìí rẹ̀.

Ibì kan wà láyé tí ọrọ̀ ti yí iye akọ àti abo padà lóòótọ́, ẹ̀rù sì ń bani láti gbọ́ ọ. Ní Íńdíà, àwọn ìdílé ọlọ́lá láàrin àwọn Rajput, àti àwọn Bedi ní Punjab, ni a mọ̀ mọ pípa ọmọbìnrin jòjòló, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òfin láti dẹ́kun rẹ̀ ní 1870. Ipò gíga ni ó fà á. Ìdílé ìyàwó ni ó ń kó ẹrù àti owó lọ fún ìdílé ọkọ níbẹ̀, bí ipò bá sì ṣe ga tó ni ẹrù náà ṣe ń wúwo tó. Ẹ̀rọ skáànù ti wá rọ́pò ọwọ́ agbẹ̀bí. Òfin 1994 ka fífi skáànù wá akọ àti abo inú oyún léèwọ̀, síbẹ̀ ìkànìyàn 2011 rí ọmọbìnrin 919 péré sí ọmọkùnrin 1,000 láàrin àwọn tí kò tíì pé ọdún méje. Ní Punjab, 846 ni.

Kí ló dé tí irú rẹ̀ kò fi ṣẹlẹ̀ níhìn-ín? Kì í ṣe pé a dára jù wọ́n lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdílé ọkọ ni ó ń gbé ẹrù ìdáná wá. Ọmọbìnrin kì í sọ ilé baba rẹ̀ di òfo. Obìnrin ń ṣòwò, ó sì ni èrè rẹ̀. Àwọn ìyálọ́jà Èjìgbò tí ó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Abidjan kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ka owó wọn. Àwọn aya ilé ń pe ọmọ jòjòló tí ó jẹ́ obìnrin ní 'ọkọ mi' bí wọ́n ti ń pe ọkùnrin, nítorí pé ọmọ ilé ni. Èyí tí ó sì lágbára jù ni ọ̀rọ̀ ogún. Ní 1924, nínú ẹjọ́ Lopez, kóòtù Èkó gbà pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú dúkìá ìdílé baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ Suberu Dawodu dé, ará Èkó tí ó kú láìkọ ìwé ìhágún, tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí a pín in ní orí-ò-jorí sí ọ̀nà mẹ́sàn-án. Àwọn kan ní ìdí-igi ni, sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ gíga ti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, bí kò ṣe pé olórí ìdílé rí ìdí láti lo orí-ò-jorí nítorí àlàáfíà.

Ẹ wo ohun tí ìdí-igi ń kà. Ikùn ni ó ń kà. Ìyá tí ó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo àti ìyá tí ó bí ọmọkùnrin mẹ́fà, ìpín kan náà ni ti olúkúlùkù. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo yẹn yóò sì gba gbogbo ìpín ìdí rẹ̀, nígbà tí àwọn mẹ́fà yòókù yóò máa fa tiwọn ya. Obìnrin tí ó wà nínú ewu ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àgàn. Lóòótọ́ ni pé oyè ọba kì í sábà kọjá sí obìnrin, orúkọ baba kì í sì bá a lọ sí ilé ọkọ, ìdí sì nìyí tí ìfẹ́ ọmọkùnrin kò fi kú ní àárín wa. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kan wà tí kì í fa ọ̀bẹ yọ, nítorí pé dúkìá kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Kí n sọ ọ̀rọ̀ kan gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo nípa ìbímọ Yorùbá tí dókítà rí tí ó bá ipò ìdílé yí padà gbangba ni ìbejì. Nylander, tí ó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Ìbàdàn, tí ó sì rí i pé ní Igbó-Ọrà, bíi ìbí 45 nínú ẹgbẹ̀rún ni ó jẹ́ ti ìbejì, rí i pẹ̀lú pé ìbejì kò pọ̀ láàrin àwọn ènìyàn ńlá bí ó ti pọ̀ láàrin mẹ̀kúnnù. Ó fura sí iṣu. Ìyẹn ni pé ìbejì, tí a ń kí pé wọ́n ń sọ alákìísà di aláṣọ, ilé alákìísà ni wọ́n ń yà sí jù.

Ẹ̀bi ni ó kù. Láti 1905, nígbà tí Nettie Stevens yẹ kòkòrò kékeré kan wò ní Amẹ́ríkà, ni a ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ akọ ni ohun tí ń pín akọ àti abo ti ń wá. Ti ènìyàn náà rí bẹ́ẹ̀: X nìkan ni ìyá ní láti fi sílẹ̀, baba ni ó ní X àti Y. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí a ti mọ èyí, síbẹ̀ mo mọ obìnrin tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta lẹ́yìn ọmọbìnrin kẹrin. Ọkọ rẹ̀ kò lówó, ẹbí sì ní orí tálákà tí ìyàwó gbé wọlé ni kò jẹ́ kí ọkùnrin yà. Ká ní olówó ni ọkùnrin náà, wọn ì bá kàn fẹ́ ìyàwó mìíràn fún un, kí ti àkọ́kọ́ jókòó sí yàrá rẹ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì dúró de ìdí-igi. Nínú gbogbo àyẹ̀wò yìí, ibi tí mo ti rí ìyàtọ̀ tálákà àti olówó kedere jù nìyí: ohun kan náà ni wọ́n bí, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ìyá rẹ̀ ṣe yàtọ̀.

Láìpẹ́ yìí, nǹkan mìíràn ti wọlé. Ní 1989 ni a bí ọmọ inú ìgò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, nípasẹ̀ àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru àti Giwa-Osagie, láti ran àwọn tí kò rọ́mọ bí lọ́wọ́. Ní báyìí, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ń fi ìmọ̀ yìí kan náà yẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sínú ikùn, kí ẹni tí ó bá ní owó lè mú akọ tàbí abo. Ọ̀wọ́n ni, mẹ̀kúnnù Èjìgbò kò lè dé ibẹ̀. Iye àwọn tí ń ṣe é kéré jù láti hàn nínú ìwé ìkànìyàn, ṣùgbọ́n ìròyìn wọn kò kéré, ó sì ń dé ọjà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìyá ọkọ kan ní Másífà yóò wo aya ọmọ rẹ̀ tí ó gbé ọmọbìnrin kẹta pọ̀n, tí yóò sì bi í léèrè ìdí tí kò fi lọ ra ọkùnrin bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe.